Àpò Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà

Ìyá àgbà gbé àpò mi sí apá òsì ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé ti àbúrò mi sí apá ọ̀tún, wọ́n wá dúró sáàárín méjèèjì, wọ́n ń fi etí ìró nu ọwọ́. "Ó parí," ni wọ́n wí. "Àṣàkẹ́ ń bá mi lọ. Àbẹ̀kẹ́ ń bá ìyá ẹ̀ lọ." Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán ní Ṣómólú. Ẹ̀rọ tí àwọn atẹ̀wé fi ń gé bébà nísàlẹ̀ ilé wa ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ró, ṣùgbọ́n òórùn yíǹkì wà níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà, lára ògiri, nínú aṣọ wa, kódà nínú omi tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Nínú kíṣìnnì, mọ́mì ń dín ẹran tí a máa jẹ lójú ọ̀nà. Mò ń gbọ́ bí òróró ṣe ń ta, mo sì ń gbọ́ àbúrò mi tó ń wúkọ́ nínú yàrá.

Mo wo àpò mi níbi tí wọ́n gbé e sí, inú bí mi débi pé etí mi gbóná. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, àbúrò mi jẹ́ méje. Mo mọ̀ pé èmi ló kàn láti wọ bọ́ọ̀sì lọ́dún yẹn. Mo sì ti pinnu láti òru pé mi ò ní wọ̀ ọ́.

Òfin Ìyá àgbà ni pé a kì í kó gbogbo ọmọ ìyá kan sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bá ń rin ọ̀nà jíjìn. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Láti Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá tọ́jú mi nígbà tí wọ́n bí mi, wọn ò sì padà mọ́, àfi tí Kérésì bá kù díẹ̀ tí gbogbo wa ń lọ sílé. Ọkọ̀ dádì aláwọ̀ eérú gba gbogbo wa, àyè á tún ṣẹ́ kù. Ìyẹn ò kan Ìyá àgbà. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lÉkòó máa ń háyà bọ́ọ̀sì kan lọ́dọọdún, Fádèyí ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Ìyá àgbà á mú ọ̀kan nínú wa, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti Ṣómólú dé Fádèyí, torí wọn ò tiẹ̀ gbà kí dádì fi ọkọ̀ gbé àwa méjèèjì pọ̀ dé ibẹ̀. Ọmọ kejì á bá dádì àti mọ́mì lọ. Bó bá jẹ́ èmi ló wọ bọ́ọ̀sì lọ́dún yìí, àbúrò mi ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Ibi tí Ìyá àgbà bá gbé àpò ọmọ sí lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni ọmọ náà ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í yí i padà.

Mọ́mì ò fẹ́ràn òfin yìí rárá. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ láìfi bò pé nílé tiwọn, ìyá àti ọmọ ló jọ ń rìn. "Màmá, Ọlọ́run tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀sì yín náà ló ń ṣọ́ ọkọ̀ wa," ni wọ́n sọ lọ́dún kan. Ìyá àgbà dá wọn lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Jẹ́ kó máa ṣọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀." Dádì wo òrùlé. Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn: tí ọ̀rọ̀ bá ti wà láàárín ìyá wọn àti ìyàwó wọn, òrùlé ló máa ń wù wọ́n wò.

Ìwé ni Ìyá àgbà ń bá àwọn atẹ̀wé ká. Wọ́n á gbé bébà tí wọ́n ti tẹ̀ gòkè wá, Ìyá àgbà á jókòó sórí ẹní, wọ́n á ká a sí méjì, wọ́n á wá fi ẹ̀yìn ṣíbí irin kan fa ojú ibi tí wọ́n ti ká a, láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí yóò fi pẹlẹbẹ. Fìrì, fìrì. Ohùn yẹn ló ń jí wa láàárọ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán òkú gàgàrà níwájú, tòun ti fìlà tàbí gèlè. Ìyá àgbà máa ń kí wọn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ẹ sinmi," wọ́n á sì ká a. Bí òkú bá jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n á dojú àwòrán rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n á ká a láìsọ̀rọ̀. Èmi àti àbúrò mi ló ń to ojú ewé tẹ̀léra, láti ẹyọ kan dé mẹ́jọ, a sì máa ń jà lórí ẹni tó máa to ojú ewé àwòrán.

Ibi ìwé yìí ni mo ti bi wọ́n léèrè ìdí òfin wọn rí. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní ilé kan wà lẹ́yìn ilé bàbá wọn ní Ogbómọ̀ṣọ́, ìyá ibẹ̀ bí mẹ́rin. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú lọ́rì kan pé kí wọ́n lọ kí bàbá wọn ní Ìlọrin. Lọ́rì náà bọ́ sódò.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ni mo bi wọ́n.

"Kò sí nǹkan kan tó tún ṣẹlẹ̀ mọ́," ni Ìyá àgbà wí. "Oúnjẹ èèyàn márùn-ún ló ń sè lójoojúmọ́ títí a fi sin ín."

Mo gbọ́ ìtàn yìí, ó yé mi dáadáa. N kò lè sọ pé ọmọdé ni mí, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo kórìíra bọ́ọ̀sì yẹn. Ìjókòó rẹ̀ le, àpò ẹrù àwọn àgbàlagbà ló máa ń wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, òórùn ẹja gbígbẹ á gba gbogbo inú rẹ̀, wọ́n á máa kọrin ìyìn sí wa létí láti Fádèyí títí dé Ìbàdàn, bí ìtọ̀ bá sì ń gbọ̀n ọ́, wàhálà tìẹ nìyẹn. Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ wọn ṣe lọ́dún yẹn. Ìyẹn nìkan kọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Àbẹ̀kẹ́ ni itan mọ́mì ti di tirẹ̀. Mo fẹ́ kí mọ́mì jẹ́ tèmi nìkan fún ọjọ́ kan péré. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn, ọjọ́ pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ jáde fún ara mi.

Mo ní bàtà Kérésì kan, aláwọ̀ sánmà, Yábàá ni mọ́mì ti rà á, ìdè rẹ̀ ń dán. Ojú àbúrò mi ò kúrò lára bàtà yìí láti ìgbà tí ó ti wọlé. Mo fà á lọ sí ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi.

"Ṣé o fẹ́ wọ bàtà mi?"

"Títí dìgbà wo?"

"Títí a máa fi padà sí Èkó."

Ó wo ojú mi bóyá mò ń fi òun ṣeré. "Kí ni kí n ṣe fún ẹ?"

"Sọ pé o fẹ́ bá Ìyá àgbà lọ."

Ó wúkọ́ díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu bí mọ́mì ṣe kọ́ ọ. "Mọ́mì ní kí n má wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ikọ́ yìí."

"Ìyá àgbà máa ra wàrà fún ẹ lójú ọ̀nà. Nínú bọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n ti ń rà á. Dádì kì í dúró."

Ó na ẹsẹ̀ síwájú. Mo kúnlẹ̀, mo sì fúnra mi de bàtà náà fún un. Ó tóbi fún un, ìka méjì ló kù lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀.

Mo wá lọ bá Ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá àgbà, Àbẹ̀kẹ́ ní òun fẹ́ bá yín lọ."

Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n wo àbúrò mi tó dúró sẹ́yìn mi, wọ́n sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bi í pé, "Ṣé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàtà ló ń wò. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n máa ń fi imú rín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé àpò mi kúrò lápá òsì, wọ́n gbé ti àbúrò mi síbẹ̀. Ọdún kan ṣoṣo tí mo rí i tí wọ́n yí ọwọ́ padà nìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹrù rù ni mọ́mì jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ti wé sínú ewé. Wọ́n rí Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Ìyá àgbà. "Màmá, ṣebí Àṣàkẹ́ ló kàn?"

"Mo ti pààrọ̀ wọn," ni Ìyá àgbà wí.

"Ẹ mọ̀ pé èyí ń wúkọ́, màmá. Atẹ́gùn bọ́ọ̀sì yẹn."

"Màá fi ìborùn wé e láyà. Má dààmú."

Mọ́mì fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n wo dádì. Dádì ń wo òrùlé. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá àgbà àti àbúrò mi ṣe gba òpópónà lọ sí Fádèyí, àpò lórí Ìyá àgbà, ọwọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ wọn. Kò wẹ̀yìn wò mí. Bàtà ló ń wò. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ bí bàtà náà ṣe ń lu ilẹ̀ torí pé ó tóbi, pà, pà, pà, títí tí ẹ̀rọ ìgébébà ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ pé ọkàn mi ò balẹ̀ lójú ọ̀nà. Irọ́ ni yóò jẹ́. Mo gbádùn ọjọ́ yẹn. Mọ́mì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú mi, wọ́n bó ọsàn fún mi, wọ́n yọ kóró rẹ̀. Mo gbé orí lé itan wọn, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lójú, mo sùn lọ kí a tó kọjá Ìbàdàn. Ọjọ́ tó dùn jù lọ nínú ìgbà èwe mi ni, títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

A ti dé Ogbómọ̀ṣọ́, a ti gbá ilé, mọ́mì ti gbé omi iṣu kaná de Ìyá àgbà. Ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wọ agbo ilé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó béèrè orúkọ bàbá mi, ó sì pè wọ́n mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí wọn létí. Táyà bọ́ọ̀sì náà ti bẹ́ lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ó sì ti gbókìtì wọ inú igbó. Dádì bá a lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, àpò ọ̀rá kan ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Mọ́mì gba àpò ọ̀rá náà, wọ́n tú u. Ìborùn Ìyá àgbà wà nínú rẹ̀, àti bàtà aláwọ̀ sánmà kan. Ẹyọ kan ni.

Mọ́mì gbé bàtà náà sókè. Wọ́n yíjú sí mi, mo sì rí i pé fún ìṣẹ́jú kan, wọn ò mọ èyí tó kú nínú àwa méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dúró síwájú wọn. "Kí ni bàtà rẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó yá a ni," ni mo wí.

Wọ́n sin Àbẹ̀kẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò jẹ́ kí dádì àti mọ́mì dé ibẹ̀, torí a kì í jẹ́ kí òbí mọ ibojì ọmọ. Èmi náà ò mọ ibẹ̀ títí dòní. A kì í tẹ ìwé ètò fún irú òkú bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tí wọ́n ti ká ìwé fún àìmọye òkú olókùú ò rí ìwé kankan ká fún ọmọ ọmọ wọn.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé Ìyá àgbà dé láti ọsibítù, báńdéèjì láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n gbé wọn jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mọ́mì jáde sí wọn, mọ́mì ò kí wọn. Àwọn ẹbí ti jókòó yí wọn ká.

"Ta ló pín wọn?" ni mọ́mì bi wọ́n.

"Èmi ni."

"Ẹ mọ̀ pé ó ń wúkọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ gbà á kúrò nínú ọkọ̀ mi."

"Mo gbà á."

Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi ni mo dúró sí. Ìyá àgbà gbé ojú lé mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbé e kúrò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi. Mo mu omi. Mo tún mu òmíràn. Mọ́mì bá sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kì í sọ sí ìyá ọkọ rẹ̀ níwájú ẹbí. Wọ́n ní, "Ìwọ ìyá yìí, o jẹ ọmọ mi." Obìnrin kan figbe ta, ó ní kí mọ́mì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mọ́mì ò kó o jẹ.

Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe. Ó tẹ̀ lé Ìyá àgbà dé Ṣómólú. Àwọn aládùúgbò tó máa ń rán ọmọ wọn sí wọn tẹ́lẹ̀ ò rán wọn mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àyè á ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀tún wọn àti lápá òsì. Àwọn kan ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹ wo bí arúgbó ṣe jáde nínú bọ́ọ̀sì tó gbókìtì, tí ọmọ ọdún méje ò sì jáde. Àwọn atẹ̀wé nìkan ni wọn ò yípadà, torí kò sí ẹlòmíràn tó ń ká ìwé tó gún tó tiwọn. Kí ọdún tuntun tó pé oṣù kan, mọ́mì ti kó wa kúrò nílé yẹn lọ sí Bàrígà. Ó ku Ìyá àgbà nìkan lókè ilé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò tọ́ mọ́.

Dádì ò bá ìyàwó wọn jà, wọn ò sì já ìyá wọn jù sílẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n á fi mí wọ ọ̀kadà pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, wọ́n á ní kí n lọ gbé e fún Ìyá àgbà. Mọ́mì á ṣe bí ẹni tí kò rí wa. Mo máa ń bá Ìyá àgbà to ìwé. Èmi nìkan ló ń to ojú ewé àwòrán báyìí, kò sẹ́ni tó ń bá mi jà lé e. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n kàn dédé sọ ọ́, ṣíbí ò dúró lọ́wọ́ wọn: "Ó ń béèrè wàrà. Mo ní kó ṣe sùúrù, ó kù díẹ̀ ká dé ibẹ̀."

N kò lè gbà á mọ́ra. Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìyá àgbà, èmi ni. Èmi ni mo fi bàtà tàn án. Mo fẹ́ sọ fún mọ́mì."

Wọ́n fi ṣíbí lu ilẹ̀, gbà! Wọn ò lù mí rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo fà sẹ́yìn. "O ò ní sọ nǹkan kan. Èmi ni mo pín yín. Ọmọdé kọ́ ló ń pín ọmọ sọ́kọ̀."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè yín ní…"

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí. Etí mi ò di." Wọ́n mú ìwé mìíràn, wọ́n ká a. "Àṣàkẹ́, bí o bá lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ lónìí, ọmọ mélòó ló máa kù fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé mi dáadáa.

"Ẹyọ kan ló kù," ni wọ́n wí. "Mi ò ní jẹ́ kó pàdánù méjèèjì sínú ọkọ̀ kan náà. To ìwé rẹ."

Mo to ìwé mi. Mo tò ó fún ọdún mọ́kànlá. Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ní Akọkà ni Ìyá àgbà kú, lọ́sàn-án gangan, lórí ẹní wọn, ìwé olókùú ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọn ò tíì ká tán. Àwọn atẹ̀wé ìsàlẹ̀ ló tẹ ìwé ètò ìsìnkú wọn. Èmi ni mo ká gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí wọn. Mọ́mì ò lọ sí ìsìnkú náà. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Dádì náà ti lọ. Ọ̀dọ̀ mi níbí ní Bàrígà ni mọ́mì ń gbé, bí ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà bá sì dé, "ìyá yẹn" ni wọ́n ṣì ń pè wọ́n. Mo ní ọmọ méjì, obìnrin àti ọkùnrin. Bí a bá ń lọ sílé lóṣù Kejìlá, ọkọ mi á gbé ọ̀kan, èmi á mú èkejì wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ mi ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mọ́mì kì í sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n kàn máa ń wọ yàrá wọn tí wọ́n bá ti rí i tí mo gbé àpò sí ẹnu ọ̀nà.

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò wa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò méjèèjì kalẹ̀ tán ni ọmọbìnrin mi wá bá mi. "Mọ́mì, àbúrò mi ní òun fẹ́ bá yín wọ bọ́ọ̀sì."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo àbúrò rẹ̀ tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, fóònù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń ṣe géèmù, tí kì í jẹ́ kó fọwọ́ kàn, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú gírígírí. Ó hàn kedere. Afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Mo jókòó sórí àpò.

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti rò pé Ìyá àgbà parọ́ nítorí mi, pé nígbà tí wọ́n sọ pé "Èmi ni," ẹ̀bi mi ni wọ́n gbé rù. Wọn ò parọ́. Wọ́n rí bàtà yẹn. Wọ́n mọ ohun tí mo ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ náà, eré ọmọdé ló jọ lójú wọn, wọ́n fi imú rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ gbé àpò. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú ẹ̀rín kan ṣoṣo yẹn. Mo sunkún lórí àpò náà, àwọn ọmọ mi sì sá lọ pe ìyá mi.

N kò dúró dè wọ́n. Mọ́mì ṣì ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé nígbà tí mo lọ bá wọn. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bàtà, wàrà, àpò, ohun tí Ìyá àgbà sọ lórí ìwé. N kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọwọ́ wọn ò dúró. Wọ́n ń mú òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, wọ́n ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàtà yẹn," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Mi ò sùn rí kí n má rò ó. O kì í yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan rẹ."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Tún ohun tí wọ́n sọ fún ẹ sọ."

"Wọ́n ní tí n bá sọ fún yín, ọmọ mélòó ló máa kù fún yín."

Mọ́mì gbé àtẹ ẹ̀wà kalẹ̀. Ojú wọn gbẹ. "Kò ní í ku ẹyọ kan," ni wọ́n wí. "Mi ò bá ti lé ọ jáde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, mi ò bá ti lé ọ jáde nílé mi." "Ìyá àgbà mọ̀ mí. Ta ni mo máa wá bẹ̀ báyìí?"

Wọ́n tún gbé àtẹ náà sórí itan, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà tán.

Wọn ò tíì dárí jì mí. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí a ń lọ, nígbà tí mo fi máa jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti wà níbẹ̀, ìborùn lọ́rùn, ẹni tí kì í bá wa rìnrìn-àjò. Wọ́n ti gbé àpò ọmọkùnrin mi sí apá kan, ti ọmọbìnrin mi sí apá kejì. Ọmọbìnrin mi tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Mọ́mì ní, "Rárá. Ibi tí mo gbé e sí ló máa wà." Wọ́n sì mú un lọ́wọ́ lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ṣíbí Ìyá àgbà wà nínú báàgì mi, ibi gbogbo ni mo ń gbé e lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ tán níbi tí ó ti ń fa bébà. Mo jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọkùnrin mi ní ọjọ́ yẹn, mo ń wẹ̀yìn wo ojú ọ̀nà títí ọrùn fi dùn mí. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún ìyá mi. Ohun tí mo fi bàtà rà nìyẹn, ohun tí Ìyá àgbà sì fi orúkọ wọn dáàbò bò nìyẹn. A dé Ogbómọ̀ṣọ́ ní aago mẹ́ta. Mo gbé omi iṣu kaná, mo sì lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ń retí bọ́ọ̀sì.